Sáfà Kejì Tó Lè Dìde: Ìwọlé sí Íntánẹ́ẹ̀tì ní Iléèwé Wa



Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ páásíwọ́ọ̀dù sórí fóònù, ẹ̀rọ Wi-Fi tó wà lára ògiri kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní láti ránṣẹ́ sí sáfà kan tó ní orúkọ gbogbo wa lọ́wọ́. RADIUS ni ìlànà tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Iléeṣẹ́ Livingston ní Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀ ní 1991. Lórí rẹ̀ náà ni eduroam dúró, ètò tó ń jẹ́ kí ọmọ yunifásítì kan wọ Wi-Fi yunifásítì mìíràn káàkiri àgbáyé. Bí sáfà yìí bá dákú, Wi-Fi ń tàn, a ti san owó dátà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí yóò wọlé.

Ní Òkìtìpupa níbí, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan. Yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ Olúṣẹ́gun Agagu ti wà láàárín wa láti 2008. Láti 2015, kọ̀ǹpútà nìkan ni JAMB fi ń ṣe UTME, ìdánwò àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì. A sì mọ bí ọ̀pọ̀ ìlú gúúsù Oǹdó ṣe wà láìsí iná mànàmáná fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Ní 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE, bàjẹ́ lẹ́bàá Abidjan, ọwọ́ báńkì Nàìjíríà sì há. Iléèwé tí sáfà ìwọlé rẹ̀ wà lókè òkun nìkan kò lè wọ kọ̀ǹpútà tó wà nínú ọgbà ara rẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí sáfà pé méjì, kí wọ́n sì wà nílé. Ṣùgbọ́n rírà ìkejì kọ́ ni iṣẹ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n gbé méjèèjì sínú yàrá kan, lórí ínfátà kan, tí méjèèjì ń ka orúkọ láti inú àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo. Ínfátà kú, wọ́n jọ lọ. Ẹ gbé ìkejì sí ilé mìíràn tó ní sólà tirẹ̀. Kí àkọsílẹ̀ orúkọ máa da ara rẹ̀ kọ síbẹ̀ nígbà gbogbo. Kí ìwé ẹ̀rí TLS tí sáfà méjèèjì ń fi han fóònù, èyí tí fóònù fi ń dá wọn mọ̀, bá ara mu.

Àkókò ìdúró ni ọ̀pọ̀ kì í fiyè sí. Bí a kò bá yí ètò tó bá ẹ̀rọ iléeṣẹ́ Cisco wá padà, ẹ̀rọ náà á dúró de sáfà àkọ́kọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, á tún béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó tó yà sí sáfà kejì. Ogún ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn. Á ti sú fóònù kó tó dé bẹ̀. Ẹ dín in kù sí ìṣẹ́jú àáyá 2 àti àtúnbéèrè kan. Ẹ sì pàṣẹ kí ẹ̀rọ pa sáfà tó kú tì fún ìṣẹ́jú 10, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹni tó bá dé ni yóò tún dúró lórí òkú yẹn.

Ìwọlé Wi-Fi kì í ṣe ìbéèrè kan, ìdáhùn kan. Ó lè lọ, kó bọ̀, nígbà mẹ́wàá, sáfà tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pín iṣẹ́ fún méjèèjì, ẹ jẹ́ kí fóònù kọ̀ọ̀kan ní sáfà tirẹ̀.

Àwọn kan fẹ́ràn láti fi VRRP fún sáfà méjèèjì ní àdírẹ́sì kan. Bí wáyà àárín wọn bá já, kálukú á gbà pé èkejì ti kú, á sì gba ipò. Ọba kì í pé méjì láàfin. Èmi fara mọ́ kíkọ àdírẹ́sì méjèèjì sínú ẹ̀rọ Wi-Fi: ó rọrùn, ẹni tó bá gba iṣẹ́ lẹ́yìn wa á sì lè tún un ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹ̀rọ, ẹ yọ iná sáfà àkọ́kọ́ lọ́sàn-án gangan, kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ rí i bóyá ìkejì á dìde. Ẹ̀yin tí owó iléèwé wà lọ́wọ́ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ fi sólà àti bátìrì sáfà kejì sínú ìṣúná ọdún yìí.