Ìtọ́jú Kì í Ṣe Abẹ́rẹ́ Nìkan

(Ọ̀rọ̀ tí àwa nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá)

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. A ti ń pé jọ lóṣooṣù, a ń dá owó, a ń yan aṣọ Ojúde Ọba, a sì ń bára wa jiyàn lórí àwọ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ọlọ́run sì mú wa dé òní. Ẹ ṣé tí ẹ fún àwa nọ́ọ̀sì márùn-ún tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí láyè láti sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí a má pẹ́. A ó gbìyànjú.

Ohun tí a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ kò dùn ún sọ. Ọ̀kan nínú wa ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ní ilé ìwòsàn kan tí a kò ní dárúkọ, nígbà tí bàbá kan wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n ti fún un lóògùn rí, ó sì ti dá a dúró. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀sì méjì péré ló sì wà nílẹ̀. Arábìnrin wa bá gbé ohùn sókè: “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni? Ta ló ní kí ẹ má lo oògùn mọ́?” Gbogbo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ló yíjú sí i. Bàbá náà kò fèsì. Ó gba ìwé rẹ̀, ó lọ, kò sì padà wá mọ́. Nígbà tí a tún máa rí i, wọ́n gbé e wọlé ni. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ kò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló ṣàlàyé fún wa. Kì í ṣe agídí ló mú bàbá dá oògùn dúró. Oògùn ọ̀hún máa ń mú un tọ̀ lemọ́lemọ́, ọkọ̀ ló sì ń wà láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Èkó. Ta ni èrò inú ọkọ̀ máa gbà fún pé kó dúró lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó dé Ṣàgámù? Bí a bá ti bi í pé, “Kí ló dé tí ẹ fi dá a dúró?”, dókítà ìbá ti yí àkókò tó ń lò ó padà, tàbí kó fún un ní irú mìíràn. Oògùn wà. Ẹ̀rọ tí a fi wọn ìfúnpá rẹ̀ wà. Ìbéèrè yẹn nìkan ni kò sí.

A mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, pé nọ́ọ̀sì kò tó, pé púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa ti kọjá sí Ìlú Ọba. Òótọ́ ni. Ẹni tó ti dúró láti àárọ̀ láìjẹun, inú lè bí i. Àmọ́ kì í ṣe bàbá yẹn ló lé àwọn yòókù lọ.

Iṣẹ́ tí a ń ṣe yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Nígbà tí Florence Nightingale kó nọ́ọ̀sì 38 lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Scutari, nílẹ̀ Tọ́kì, lọ́dún 1854, àrùn ló ń pa ọmọ ogun ju ọgbẹ́ lọ. Ìdọ̀tí, aṣọ àìfọ̀ àti oúnjẹ tí kò dára ló kọ́kọ́ dojú kọ. Lọ́dún 1860, ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní St Thomas' Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni ọmọ Èkó kan, Kófowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, ti kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Òun ló wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní University College Hospital, Ìbàdàn. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe kó tó di nọ́ọ̀sì, kò sì yà wá lẹ́nu, torí ìdajì iṣẹ́ wa, ìkọ́ni ni.

Bí ẹ bá ní ẹni yín ní wọ́ọ̀dù, ẹ má kàn wo bóyá omi ń kán lára rẹ̀. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, ó yẹ kí a máa yí i ní bíi wákàtí méjì-méjì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa di egbò. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì fọ ọwọ́ kó tó fi kàn án. Ẹ béèrè orúkọ oògùn àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Kì í ṣe àfojúdi. Nọ́ọ̀sì tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ fi ẹ̀rín bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ wá jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí ìfúnpá wíwọ̀n, torí ìkánjú ń bà á jẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, kò yẹ kí a wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀. Kó kọ́kọ́ lọ tọ̀. Kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kó gbé apá lé tábìlì ní ọ̀gangan àyà. Kó má tíì jẹ obì tàbí mu kọfí tàbí sìgá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Kó má sì sọ̀rọ̀. Èyí ló máa le jù fún àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yìí, a kò ní dárúkọ wọn. Aṣọ tí a ń dì mọ́ apá gbọ́dọ̀ bá apá mu. Bó bá kéré jù fún apá tó tóbi, iye tó ga ju bó ṣe yẹ ni yóò gbé jáde. Bó bá jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn kí a tó pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í dunni. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń dá oògùn dúró nígbà tí ara bá ti yá wọn.

Iyọ̀ ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn kò kún ṣíbí tíì kan. Mágì náà wà nínú ìṣirò yẹn, torí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ìkókoré tó ti ní edé àti ẹja yíyan, kí ló tún ń wá mágì mẹ́ta fún? Ọ̀kan nínú wa dín in kù nílé, ọkọ rẹ̀ ráhùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti gbàgbé.

Bí ẹnu ẹnikẹ́ni bá ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan kò gbéra, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má rọ àgbo sí i lẹ́nu, ẹ má fún un ní omi, kó má bàa gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wo aago, kí ẹ lè sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kò pọ̀. Láti ìpàdé tó ń bọ̀, kí a máa dé ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú, kí àwa nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Olúkúlùkù yóò ní káàdì tirẹ̀. A kò ní pe iye ẹnikẹ́ni síta, a kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ti kọ́ wa. Owó aṣọ ẹni méjì lọ́dún kan tó ra ẹ̀rọ kan, yóò sì ṣẹ́kù.

Fún tòní, a yá ẹ̀rọ méjì wá. Wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ẹ yà síbẹ̀ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ jáde. Ẹni tó bá ti jẹ obì tí wọ́n gbé kalẹ̀ láàárọ̀, kó sinmi díẹ̀ ná. Alága ni a ó kọ́kọ́ wọ̀n.