Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé Gírámà Abẹ́òkúta

Gbólóhùn díẹ̀ ni a ní, nípa Ilé-Ìwé Gírámà Abẹ́òkúta tí Ìjọ Ańgílíkà dá sílẹ̀ li ọdún 1908. Israel Oludotun Ransome-Kuti ni orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ wọ ìwé níbẹ̀. Òun náà ni ó sì ṣe Olùkọ́ Àgbà ibẹ̀ láti 1932 di 1954. Ti Wole Soyinka, ọmọ ibẹ̀ náà, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel li ọdún 1986, ta ni kò gbọ́?

Ṣùgbọ́n ọdún 1914 ni ó wú wa lórí jù, nígbà tí a gba ọmọbìnrin wọlé, bí ọ̀pọ̀ òbí kò tilẹ̀ rí ìdí rẹ̀. Funmilayo Thomas wà níbẹ̀. Òun ni ó di aya Ransome-Kuti li ọdún 1925, tí ó sì kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ lòdì sí owó-orí, títí Aláké Ademola fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ li ọdún 1949.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá ọmọbìnrin yín dúró nílé ní sáà tí ń bọ̀ nítorí owó, a bẹ̀ yín, ẹ tètè wá rí wa kí ilé-ìwé tó wọlé.