Ilẹ̀ Àpápá: Bí Oko Ìdílé Ṣe Di Ìlú Tuntun

Ọ̀rọ̀ Àpápá ní Èkó ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ló kan ará Odògbólú níbẹ̀, n óò ní ó kàn wá gidigidi. Níwájú ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn ní ọdún 1912 láti wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, Elésì Odògbólú jẹ́rìí pé ẹbí ńlá kan ni ó ni ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹbí náà ti kú, díẹ̀ ni ó wà láàyè, àwọn tí a kò sì tí ì bí kò lóǹkà. Títí di òní, àwọn amòfin kò yé tọ́ka sí ẹ̀rí náà.

Ní ọdún 1913 ni ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Ìkáwọ́ Amodu Tijani ni ilẹ̀ náà wà, ẹni tí í ṣe Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn olóyè Ìdéjọ onífìlà funfun. Ìjọba kò sọ pé Olúwa kò ní nǹkankan níbẹ̀. Wọ́n ní ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni ó tọ́ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fiyè sí èyí, nítorí níbẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Bí ó bá jẹ́ ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni ti ìdílé, owó táṣẹ́rẹ́ ni ìjọba yóò san. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìdílé ni ó ni ilẹ̀ tọ̀tún-tòsì, iye ilẹ̀ gan-an ni wọn yóò kà sílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Èkó gbè sẹ́yìn ìjọba.

Olúwa kò gbà. Ní ọdún 1920 ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje, ọdún 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council, láti ẹnu Viscount Haldane, dá Olúwa láre: wọ́n ní kí a má ṣe fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ tí àṣà mìíràn ń ṣàkóso, nítorí pé àwùjọ ni ó ni ín, olórí sì ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn. £22,500 ni a san nígbẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun náà kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Èṣùgbàyí ni Macaulay mú lọ, ohun tí ó sì sọ nípa ọba náà lọ́hùn-ún bí ìjọba nínú. Wọ́n yọ ọwọ́ lọ́rọ̀ Ẹlẹ́kọ̀ọ́; ní ọdún 1925 wọ́n lé e kúrò nílùú, kò sì padà wálé títí di ọdún 1931. Ẹ wo iye tí ilẹ̀ ń ná ènìyàn!

Èbúté Àpápá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1926. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn ti bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924, òun ni ó sì mú kí ìjọba dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti tún ìlú ṣe. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n wọn Àpápá, tí wọ́n la títì, tí wọ́n ya ibi ilé gbígbé sọ́tọ̀ kúrò ní ibi ilé-iṣẹ́. Iṣẹ́ tí ó dára ni, èmi kò lè sọ pé kò dára. Àmọ́ ẹni tí ó bá rìn ní Liverpool Road, Creek Road àti Park Lane lè rò pé ìlú òyìnbó ni òun wà, kì í ṣe ilẹ̀ Olúwa.

Ètò náà kò sì pẹ́ títí. Èbúté kejì, Tin Can, ṣí ní ọdún 1977. Ọkọ̀ ojú irin rọ, ẹrù gbogbo sì di ti ọkọ̀ ńlá. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀yìn ọdún 2010, ọkọ̀ epo àti ọkọ̀ akẹ́rù ti dí títì pa fún ọjọ́ pípẹ́, ọ̀pọ̀ onílé sì kó kúrò ní àwọn ilé tí a fi ìwọ̀n kọ́ náà.

Ẹ̀yin àgbà, òpópó Ṣágámù sí Benin gba agbègbè wa kọjá; oko tí àwọn bàbá wa ń ro ni a ti ń gé sí ilẹ̀ ilé báyìí. Láti ọdún 1978, òfin ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Síbẹ̀ ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó rọrùn fún jù láti béèrè owó ohun tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni ó ń buwọ́ lu ìwé títà nínú ìdílé? Ṣé ọ̀dọ́mọkùnrin méjì pẹ̀lú alágbàtà kan ni? Níbo ni a ti yà sọ́tọ̀ fún ọjà, ilé-ìwé, àti títì tí ọkọ̀ méjì lè fi yà fún ara wọn?

Àbá mi nìyí: kí akọ̀wé ẹgbẹ́ yìí ṣí ìwé kan, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ wá, pẹ̀lú orúkọ gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ lọ́kùnrin lóbìnrin, kí a tó tún pàdé ní oṣù tí ń bọ̀.