Ooru àti Òtútù Lára Ẹni Tí Ó Ní Ọ́tísìmù
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Ọ̀rọ̀ ìlera ni ìgbìmọ̀ ní kí n sọ. Mo yan ohun kan tí ojú wa ń rí, ṣùgbọ́n tí a ń pè ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ní ọdún 1943 ni dókítà Leo Kanner, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí ìṣe wọn yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ wọn. Ohun tí ó rí lára wọn ni a mọ̀ sí ọ́tísìmù. Kì í ṣe àrùn tí ń ràn, kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀ràn àjẹ́ tàbí emèrè. Bí ọpọlọ ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ ni. Ìka kò dọ́gba: ẹlòmíràn nínú wọn kì í sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn sì mọ̀wé gidigidi. Ṣùgbọ́n ariwo, ìmọ́lẹ̀, òórùn àti ìfọwọ́kàn a máa ni ọ̀pọ̀ wọn lára ju àwa yòókù lọ.

Nínú ọpọlọ gbogbo wa ni ibi kékeré kan wà tí ń ṣọ́ ìgbóná ara, kí ó má ba jìnnà sí ìwọ̀n 37 ti Celsius. Bí ooru bá mú wa, a ó làágùn; bí òtútù bá mú wa, a ó gbọ̀n. Ibẹ̀ kan náà ni ìròyìn ìpayà ń dé. Bí àyà ènìyàn bá ń já, ọkàn rẹ̀ a máa sáré, iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà ní awọ ara a fún, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ a tutù, ooru a sì há mọ́ inú.

Fún ẹni tí ó ní ọ́tísìmù, ìnáwó lásán tó láti dá irú ìpayà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: ìlù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, jẹnẹrétọ̀, ogún ènìyàn tí ń fọwọ́ pa á lórí, àti làálàá pé kí ó máa ṣe bí àwọn yòókù. Nígbà tí ó bá délé, ara rẹ̀ lè gbóná, ojú rẹ̀ lè pọ́n. Bí òógùn bá sì gbẹ, òtútù a mú un, àárẹ̀ a dé. Àwọn àgbàlagbà tí ó ní ọ́tísìmù ti sọ èyí nípa ara wọn. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í tètè mọ ohun tí ara wọn ń fẹ́: òǹgbẹ lè gbẹ ọmọ náà kí ó má mọ̀, ó sì lè wọ súwẹ́tà nínú oòrùn.

Kí ni àwa ń ṣe sí i? Àwọn kan a lù ú pé ó ń ṣe agídí. Àwọn mìíràn a gbé e lọ fún ìtúsílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a dáwọ́ dúró. Ẹ mú un lọ sí ibi tí ó dákẹ́, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ẹ fún un lómi mu, ẹ bọ́ aṣọ tí ó nípọn kúrò lára rẹ̀. Bí òtútù bá mú un, ẹ fi aṣọ bò ó. Ẹ má da omi tútù lé e lórí lójijì, ẹ má sì da ìbéèrè bò ó.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibà ni ilẹ̀ wa; kì í ṣe gbogbo ìgbóná ni ti àríyá. Ẹ fi ohun ìwọ̀n ìgbóná ara wò ó. Bí ó bá tó 38, tàbí tí ara rẹ̀ kò bọ̀ sípò lẹ́yìn ìsinmi, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ kò lè wí fún yín pé orí ń fọ́ òun. Bí ó bá sì ń lo oògùn dókítà nítorí ìṣe rẹ̀, ẹ bi dókítà léèrè nípa ooru, nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀ mìíràn kì í jẹ́ kí ara lè tu ara rẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọmọ wálé láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà ní Kérésìmesì, ẹ rántí pé inú òtútù ni wọ́n ti ń bọ̀, ọ̀sán ọyẹ́ tiwa sì gbóná. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sinmi kí ẹ tó mú un káàkiri agboolé.

Ní oṣù Kíní ọdún 2019 ni Nàìjíríà sọ òfin tí ó lòdì sí fífi ìyà jẹ ẹni nítorí àléébù tí ó ní di òfin ilẹ̀. Òfin ti wà. Ìwà wa ni ó kù. Nítorí náà mo dá a lábàá pé, ní ọjọ́ àjọ̀dún, kí ẹgbẹ́ wa ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìlú, kí ẹní, omi àti fáànù wà níbẹ̀, kí a má ṣe dojú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi dandan mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá tí ó bá mọ̀ pé yàrá náà wà kò ní fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sílé mọ́, nítorí ọmọ ìlú yìí ni òun náà.

Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ.