"Ìbá Ṣe Pé Èmi Ni": Òǹwòran àti Ìwà Agbábọ́ọ̀lù

Gbólóhùn kan wà tí ó máa ń kún ẹnu àwọn ènìyàn ní Odògbólú ní ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù pàtàkì bá wà. Ẹ jókòó sí ibikíbi tí àwọn ọkùnrin bá kó ara wọn jọ sí níwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ì báà jẹ́ ilé ìwòran tí wọ́n ti ń gba owó ní ẹnu ọ̀nà, ì báà jẹ́ ìsọ̀ onígbàjámọ̀, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: "Ìbá ṣe pé èmi ni!" Ẹni tí ó sọ ọ́ lè jẹ́ télọ̀, ó lè jẹ́ olùkọ́, ó lè jẹ́ awakọ̀ tí ń ná Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣágámù. Ó lè ti tó ogún ọdún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan bọ́ọ̀lù gbẹ̀yìn. Síbẹ̀, ní ìṣẹ́jú náà, ó ti wọ aṣọ, ó ti so okùn bàtà, ó ti wà lórí pápá, ó sì mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe ju ẹni tí wọ́n ń sanwó fún pé kí ó ṣe é lọ.

Ènìyàn lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni wọ́n ń sọ, pé báyìí ni èmi ì bá ti gbá a. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ìjíròrò náà bá ti gbóná, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọ̀rọ̀ ìwà a sì dé. Báwo ni ènìyàn ṣe ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fi ìgúnpá gún un ní ìhà? Kí ni ó yẹ kí ó sọ fún adájọ́ tí ó rẹ́ ẹ jẹ? Ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fún lówó? Ibi tí ọ̀ràn náà ti ta kókó nìyí.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ènìyàn rí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2010, ní ìlú Bloemfontein ní Gúúsù Áfíríkà, Nàìjíríà ń bá Gíríìsì gbá nínú ìdíje Ife Àgbáyé. Kalu Uche ti gbá góòlù kan wọlé, Nàìjíríà ni ó sì wà lókè. Nígbà tí ó di ìṣẹ́jú kẹtàlélọ́gbọ̀n, bọ́ọ̀lù ti jáde kúrò lórí pápá, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún ń lé, ni Sani Kaita bá gbé ẹsẹ̀ sí Vasilis Torosidis. Adájọ́ yọ káàdì pupa. Ẹni mẹ́wàá ni ó ṣẹ́kù tí yóò dojú kọ ẹni mọ́kànlá. Kí wọ́n tó lọ sinmi, Gíríìsì ti dá góòlù náà padà. Nígbà tí ó sì ku bí ogún ìṣẹ́jú kí eré parí, Torosidis yìí kan náà ni ó gbá èyí tí wọ́n fi borí wọlé. Bí Gíríìsì ṣe borí nínú Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́. Òmíràn ní, "N kì bá tí gbé ẹsẹ̀ rárá, èmi ì bá rẹ́rìn-ín sí i ni." Òmíràn ní bí wọ́n bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, gbogbo Nàìjíríà ni ó sì rán Kaita níṣẹ́. Òmíràn tún ní, "Èmi ì bá mú sùúrù títí bọ́ọ̀lù yóò fi padà wọ pápá, n ó wá gbá a bí ẹni tí ń lé bọ́ọ̀lù lọ." Ẹ̀yin náà rí i pé ẹni kẹta yìí kò yàtọ̀ sí Kaita ní ti inú fùfù, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni ó fi lé e.

Nísinsìnyí ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́rin ṣáájú rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2006, ní ìlú Berlin, níbi àṣekágbá Ife Àgbáyé, Zinedine Zidane fi orí kan Marco Materazzi láyà, wọ́n sì lé e jáde. Ẹ̀ṣẹ̀ méjèèjì jọ ara wọn. Bí a bá fi ojú òfin wò ó, ti Zidane wúwo ju ti Kaita lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn dé pé arábìnrin Zidane ni Materazzi fi ẹnu kàn, ohùn yí padà ní ilé ìwòran. Àwọn tí ó ní àwọn kì bá tí gbé ẹsẹ̀ ní Bloemfontein, tí ẹ bá bi wọ́n nípa Berlin, wọn a ní, "Ọmọ ìyá ẹni kẹ̀? Èmi ì bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ." Òfin kan wà lọ́kàn wọn tí kò sí nínú ìwé òfin bọ́ọ̀lù: ìyà tí wọ́n fi jẹ ara ẹni, kí ènìyàn fara dà á, èébú tí wọ́n bù mọ́ ìdílé ẹni, kí ènìyàn má gbà á. Òfin Yorùbá ni. Wọ́n kàn wọ bàtà bọ́ọ̀lù fún un ni.

Ó yẹ kí olùkọ́ èdè yẹ gbólóhùn náà fúnra rẹ̀ wò. "Ìbá" tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń tọ́ka sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, tí kò sì lè ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ lábẹ́ "ìbá" kò ní ẹ̀rí láti mú wá, kò sì sí ẹni tí ó lè já a nírọ́. Ẹ tún wo ohun tí ó gbé wọ inú gbólóhùn náà àti ohun tí ó fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Ó gbé ọgbọ́n orí rẹ̀ wọlé, ó gbé sùúrù rẹ̀ wọlé. Kò gbé àárẹ̀ wọlé. Agbábọ́ọ̀lù inú "ìbá" kò ti ì sáré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò sí ẹni tí ó ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìjẹ́ pé adájọ́ rí i, òógùn kò wọ̀ ọ́ lójú, ariwo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò di í létí. Orí ìjókòó ni ó wà, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i, bí iná mànàmáná bá wà.

Ìyàtọ̀ kan tún wà láàárín àgbà àti ọmọdé. Ẹni ogójì ọdún ní Odògbólú a ní, "Ìbá ṣe pé èmi ni." Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kì í sọ bẹ́ẹ̀. "Bí mo bá di agbábọ́ọ̀lù" ni tirẹ̀, nígbà mìíràn pàápàá, "Nígbà tí mo bá di agbábọ́ọ̀lù." Ti àgbà, ilẹ̀kùn ti tì. Ti ọmọdé, gbayawu ni. Nítorí èyí ni olùkọ́ kò fi gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan náà mú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì.

Arọ́pò orúkọ pàápàá kò jókòó sójú kan. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, ní pápá ìṣeré ti ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà na Àlùjíríà ní góòlù mẹ́ta sí òdo, ó sì gba Ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ẹyọ kan. Títí di òní, bí àwọn àgbà bá ń ròyìn ọjọ́ náà, "A nà wọ́n" ni wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 1977, nígbà tí Godwin Odiye fi orí kan bọ́ọ̀lù sínú ilé ara rẹ̀ ní Èkó, tí Túnísíà sì tipa bẹ́ẹ̀ gba ọ̀nà Ife Àgbáyé 1978 mọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́, "a" a pòórá. "Wọ́n gbá wọn" ni ẹ ó gbọ́, tàbí "Odiye pa wá." Nínú ìṣẹ́gun, òǹwòran wà lórí pápá pẹ̀lú wọn, nínú ìjákulẹ̀, ó ti padà sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀.

Ibi tí eré ti ń di ewu ni ìgbà tí "wọn" yìí bá di "ìwọ." Lẹ́yìn ọ̀ràn Bloemfontein, àwọn kan kọ ìwé sí Kaita pé àwọn yóò pa á. Ní Kòlóḿbíà, kò mọ sórí ìwé: Andrés Escobar gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara rẹ̀ nínú ìdíje Ife Àgbáyé ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1994, wọ́n sì yìnbọn pa á ní ìlú Medellín ní ọjọ́ 2 oṣù Keje. Ọjọ́ mẹ́wàá péré. Ìjọba náà kò sì ga ju inú bíbí yìí lọ. Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde lẹ́yìn ìdíje 2010 pé kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà má ṣe kópa nínú ìdíje kankan lókè òkun fún ọdún méjì. Ó di ìgbà tí FIFA halẹ̀ kí ó tó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ìyẹn náà jẹ́ oríṣi "ìbá ṣe pé èmi ni" kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó wí i ní àṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé. Láti ìgbà tí Teslim Balógun, ẹni tí wọ́n ń pè ní Thunder, ti lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers ní ìlú London ní 1956, ni ojú ọ̀dọ́ ti wà ní òkè òkun. Ṣùgbọ́n nígbà ayé Ọdẹ́gbàmí ní IICC ti Ìbàdàn, bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn fi í jẹun tán. Ó di 1990 kí líìgì àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí àlá ọmọdé ìsinsìnyí fi kún fún owó. Bí ẹ bá ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ó rí ilé tí wọn yóò kọ́ fún ìyá wọn, ẹ ó rí ọkọ̀, ẹ ó rí àríyá tí wọn yóò ti ná owó bí ọmọ Ìjẹ̀bú. Wọn a fi ti àwọn aláìní kún un. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ rí: iṣẹ́ abẹ ọkàn tí wọ́n ṣe fún Nwankwo Kanu ní 1996 ni ó bí àjọ tí ó dá sílẹ̀ ní 2000 láti máa tọ́jú àwọn ọmọ tí ọkàn wọn kò dá. Ọdẹ́gbàmí náà sì dá ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá sílẹ̀ ní Wasinmi, ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí. Ohun tí kò sí nínú àròkọ wọn ni ojúmọ́ tí ń mọ́ bá agbábọ́ọ̀lù lórí ìdárayá, oṣù mẹ́fà tí orúnkún fi ń dùn ún, àti ọjọ́ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá kò ní mú un. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Remo Stars ń ṣe iṣẹ́ wọn ní Ìkẹnnẹ́, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni sí Odògbólú, àwọn ni ó sì gba ife líìgì Nàìjíríà ní 2025. Olùkọ́ tí ó bá kó kíláàsì rẹ̀ lọ wo bí irú wọn ṣe ń ṣe ìdárayá ní òwúrọ̀ yóò ti ṣe ju ẹni tí ó ń pariwo pé kí wọ́n gbàgbé bọ́ọ̀lù lọ.

Rashidi Yekini ni orúkọ tí ó máa ń pa ẹnu gbogbo wọn mọ́. Òun ni ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé nínú Ife Àgbáyé, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, nígbà tí wọ́n na Bọ̀lìgéríà. Ó sáré wọ inú àwọ̀n, ó na ọwọ́ rẹ̀ já a, ó ń ké, ó ń gbàdúrà. Ọ̀pọ̀ ti jiyàn lórí ìyẹn: òmíràn ní òun ì bá jó, òmíràn ní òun ì bá bọ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n Yekini yìí kan náà dá gbé ní Ìbàdàn ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Kò sí ẹni tí ń sọ pé "Ìbá ṣe pé èmi ni" nípa apá yẹn.

Kì í ṣe pé ará Ìjẹ̀bú kò mọ bí ó ti rí kí gbogbo ojú máa wo ènìyàn. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba, nígbà tí ọdún Iléyá bá wọ ọjọ́ kẹta, télọ̀ àti awakọ̀ tí à ń wí yìí lè wà láàárín ẹgbẹ́ wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, nínú aṣọ kan náà, tí wọ́n ń jó lọ síwájú ààfin, tí ojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń wò wọ́n. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọ́ ijó náà. Bí ẹnìkan bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, wọn a rẹ́rìn-ín, ijó a sì máa lọ. Ẹnikẹ́ni kì í kọ̀wé sí i pé òun yóò pa á.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó kù ni ti Yakubu Aiyegbeni. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 2010, ní ìlú Durban, Nàìjíríà níláti borí Kòríà Gúúsù kí ó má baà padà sílé. Kòríà fi góòlù kan lé wọn. Bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ Yakubu ní ẹnu ilé tí kò sí aṣọ́lé nínú rẹ̀, ó gbá a síta. Gbogbo Nàìjíríà ni ó ti gbá bọ́ọ̀lù yẹn wọlé láti ìgbà náà: ìyá arúgbó ti gbá a wọlé, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ti gbá a wọlé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, adájọ́ fún Nàìjíríà ní pẹnáritì. Yakubu kan náà ni ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, tí ariwo àṣìṣe rẹ̀ kò tí ì lọ ní etí rẹ̀, ó sì gbá a wọlé. Góòlù méjì sí méjì ni eré náà parí sí. Ẹ bi àwọn tí ó wò ó léèrè ní Odògbólú: bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ni wọn yóò ròyìn fún yín.