Ọ̀rọ̀ Tí Kò Ṣeé Parí Nínú Agbo-ilé

Ọ̀rọ̀ tí ó délẹ̀ lónìí ni ọ̀rọ̀ ìwà ipá tí a ń hù sí obìnrin àti ọmọdébìnrin, àti ohun tí ará ìlú lè ṣe láti dènà rẹ̀. Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé bí ó ti rí ni ọ̀pọ̀ ìlú wa rí: ọba àti ìjòyè wà níbẹ̀, agbo-ilé wà, ọjà wà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí wà, ilé-ìwé sì wà. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ń na aya rẹ̀ lóru, aládùúgbò yóò gbọ́. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, kí ni aládùúgbò ń ṣe lẹ́yìn tí ó bá gbọ́?

Yorùbá a máa wí pé, ‘A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.’ Òwe náà dára ní àyè tirẹ̀. Bí tọkọtaya bá ń jà lórí owó oúnjẹ, ó sàn kí àgbà là wọ́n níjà ju kí wọ́n máa fa ara wọn lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n a ti fa òwe yìí kọjá àyè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ọmọbìnrin ọdún 13 kan tí ìbátan bàbá rẹ̀ fi ipá bá lò pọ̀. Àwọn àgbà ilé pé jọ. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó san owó ìtanràn, bàbá ọmọ gbà á, wọ́n sì ní kí gbogbo ènìyàn pa ẹnu mọ́ nítorí orúkọ ìdílé. Ta ni wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà fún? Ọmọ náà kò sí níbi ìpàdé. Ẹni tí ó ṣe é níbi ṣì ń gbé inú agbo-ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Òfin kò gba irú ìparí bẹ́ẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 pe ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ní ọmọdé. Ó ka bíbá ọmọdé lò pọ̀ sí ìfipábánilò, ẹ̀wọ̀n gbére sì ni ìyà rẹ̀. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 lòdì sí ìwà ipá dárúkọ nína aya, líle aya jáde nílé, dídá abẹ́ fún obìnrin àti fífi ìyà jẹ opó. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe irú rẹ̀ ní 2017. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba ní 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 15 sí 49 ní Nàìjíríà, 31 ni wọ́n ti hu ìwà ipá sí lára láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọdún 15. Òfin kò ní ẹsẹ̀. Ènìyàn ni í gbé e rìn.

Kí ará ìlú dìde kì í ṣe ohun àjèjì ní agbègbè yìí. Ní Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1940, àwọn agbowó-orí a máa tú aṣọ lára ọmọdébìnrin láti wò ó bóyá ó ti dàgbà tó láti san owó-orí. Bí ìyá kọ̀ọ̀kan bá dá sunkún sínú yàrá, ìwà náà kò níí dópin. Ṣùgbọ́n Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́, àti àwọn obìnrin ọjà kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Ní 1947, wọ́n jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní 1948, a dá owó-orí obìnrin dúró, Aláké Adémọ́lá sì fi ìlú sílẹ̀.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú pàápàá ní ohun èlò tirẹ̀, èyí ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí a máa ń rí nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn Iléyá. Ọkùnrin tí kò bẹ̀rù ọlọ́pàá a máa tijú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá kéde pé ẹni tí ó bá na aya rẹ̀ kò níí bá wọn wọ aṣọ ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni yóò rọ̀. Bí ààfin náà bá là á sílẹ̀ pé àgbà ilé lè parí asọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ parí ìfipábánilò, ẹnu ìdílé tí ó fẹ́ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ yóò wọhò.

Iṣẹ́ olùkọ́ kò kéré níbẹ̀. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ nílé lè sọ ọ́ ní kíláàsì. Kí olùkọ́ gbọ́ ọ dópin, kí ó má bi í pé kí ni ó wá dé ibẹ̀. Kí ọmọ náà má wẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fọ aṣọ rẹ̀ kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ẹ̀rí ni. Kí wọ́n gbé e dé ilé-ìwòsàn kíákíá, nítorí pé oògùn tí ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ wọ ara kí wákàtí 72 tó kọjá. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kàn. Ìpàdé agbo-ilé tí ó gba ọ̀sẹ̀ kan ti pa oògùn àti ẹ̀rí run.

Yorùbá kan náà tí ó kìlọ̀ kóòtù fún wa ni ó wí pé, ‘Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó.’ Bí igba ojú bá rí i tí igba ẹnu sì dákẹ́, a kò tíì wo ọmọ náà.