Owó Ìbẹ̀rẹ̀ fún Olùwádìí Tuntun

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ọmọ Odùduwà, ọmọ káàárọ̀-oòjíire tí oúnjẹ òòjọ́ gbé dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti ti kòkòrò HIV tí ń bá abẹ́rẹ́ rìn láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn, kì í ṣe ohun tí a máa ń sọ níwájú àlejò. Ṣùgbọ́n aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rin ìhòòhò wọjà. Nínú ìwádìí ọdún 2018 lórí lílo oògùn olóró ní Nàìjíríà, ilẹ̀ Yorùbá ló ga jù, Èkó sì ni ó ṣíwájú gbogbo ìpínlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín, bí ìwádìí ṣe lè tan ìmọ́lẹ̀ sí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ní 1988, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà kà á léèwọ̀ pé kí a fi owó ìjọba àpapọ̀ ra abẹ́rẹ́ fún àwọn tí ń gún oògùn olóró sára, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà tọkàntọkàn pé iná ni ìyẹn yóò dá kún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlú New Haven, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kan gba abẹ́rẹ́ àlòkù, tí ó sì ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀ ní 1990, Edward Kaplan àti Robert Heimer ti Yunifásítì Yale rí i dájú pé a fi àmì sí ara abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, a fi orúkọ àdàpè pe ẹni tí ó gbà á, bí abẹ́rẹ́ bá sì padà dé, wọn a yẹ inú rẹ̀ wò bóyá kòkòrò náà wà níbẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n! Ohun tí ìtìjú ìbá mú kí ènìyàn fi pamọ́, abẹ́rẹ́ ni ó jẹ́rìí sí i. Ìṣirò wọn fi hàn pé àkóràn tuntun láàárín àwọn tí ń wá síbẹ̀ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù.

Ṣùgbọ́n irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ owó. Àwọn tí ń fúnni lówó ńlá fún ìwádìí a máa béèrè ẹ̀rí àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò rí kọ́bọ̀ kò lè rí ẹ̀rí. Ìdí nìyí tí àjọ ìwádìí ìlera Amẹ́ríkà, NIH, fi ní owó kékeré tí wọ́n ń pè ní R03, 50,000 dọ́là lọ́dún fún ọdún méjì, tí kò fi ẹ̀rí àkọ́kọ́ ṣe dandan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹgbẹ́ yìí dá àpò kan sílẹ̀ fún ọ̀dọ́ olùwádìí kan lọ́dọọdún, ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí Èkó. Bí ìwádìí rẹ̀ bá sì já sófo, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa bí ó ti rí, kí a má ṣe bá a wí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹni tí ń lo oògùn olóró kò yẹ lẹ́ni à ń náwó lé lórí: ọmọ wa ni. Akápò yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀.